Ẹsẹ̀ Ló Gbé Ìkookò Padà, Kì í Ṣe Tírélà

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti fìdí múlẹ̀ nípa ìkookò aláwọ̀ eérú: pé ìran rẹ̀ ti pa run ní Amẹ́ríkà àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, àti pé ènìyàn ló fi ọkọ̀ kó o padà wá láti ibòmíràn. Ẹni tó fẹ́ràn ẹranko a máa fi í yangàn. Ẹni tó ń sin àgùntàn a máa torí rẹ̀ bínú, a ní àwọn ará ìlú ńlá ló kó wàhálà wá bá òun. Àwọn méjèèjì ló ṣìnà. Níbi tó pọ̀ jù lọ, ìkookò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà ni, ohun tó sì jẹ́ kó lè dúró ni pé òfin ní kí ọdẹ gbé ìbọn sílẹ̀.

Kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn ló run ìkookò ní Amẹ́ríkà. Owó ni wọ́n fi pa á. Láti 1630 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí Massachusetts ti ń sanwó fún ẹni tó bá pa ìkookò. Nígbà tó di 1915, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yọ owó sọ́tọ̀ kí ìjọba lè gba àwọn ọdẹ tí iṣẹ́ wọn kò ju ìyẹn lọ. Ìbọn, tàkúté irin, òkú ẹran tí wọ́n fi májèlé sí nínú: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lò. Wọn kò yọ ọgbà Yellowstone sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé torí kí igbó lè máa wà bó ṣe wà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Láàárín 1914 sí 1926, ìkookò tí wọ́n pa níbẹ̀ kò dín ní 136, àwọn ọmọ tí kò tíì kúrò nínú ihò ìyá wọn sì wà lára wọn. Nígbà tí yóò fi di 1973, yàtọ̀ sí Alaska, àríwá-ìlà-oòrùn Minnesota àti erékùṣù Isle Royale nìkan ni agbo ìkookò kù sí.

Ibi tí ìgbàgbọ́ nípa ọkọ̀ ti wá kò ṣòroó rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1995, tírélà tí wọ́n fi ń gbé ẹṣin gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà olókùúta tí wọ́n ń pè ní Roosevelt Arch wọ Yellowstone. Ìkookò mẹ́jọ láti Alberta ní Kánádà ló wà nínú rẹ̀, kálukú nínú àpótí tirẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bruce Babbitt, mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba nígbà náà, fọwọ́ ara rẹ̀ bá wọn gbé àpótí, kámẹ́rà sì ń yà á. Ìkookò 14 ni wọ́n kó wá lọ́dún náà, 17 ní 1996, wọ́n sì kó 35 lọ sí Idaho. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 66. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì yọrí sí rere, ṣùgbọ́n fọ́tò ló sọ ọ́ di ìtàn kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀. Oníròyìn kì í tẹ̀ lé ìkookò tó ń rìn lóru. Lórí òkè Rocky gan-an pàápàá, ní 1986, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú tírélà yẹn, ìkookò tó rìn wá láti Kánádà ti bímọ sínú ọgbà Glacier ní Montana.

Ẹ̀rí tó le jù lọ wà lágbègbè Adágún Ńlá. Ní oṣù kẹta 1974, àwọn onímọ̀ kó ìkookò mẹ́rin láti Minnesota, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ ní apá òkè Michigan. Kí ọdún náà tó parí, gbogbo wọn ti kú: ìbọn, tàkúté àti mọ́tò ló pa wọ́n. Ọkọ̀ gbé wọn dé, kò sì wúlò, nítorí ọwọ́ ènìyàn kò tíì kúrò lára ìbọn. Òfin tó dáàbò bo ẹranko tó fẹ́ run, èyí tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 1973, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Bí pípa ìkookò ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ gidi, tí wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá dá a, àwọn ti Minnesota bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá sí Wisconsin fúnra wọn, wọ́n ti ibẹ̀ wọ Michigan. Lónìí, ìkookò ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju 4,000 lọ. Ẹni tó ń sin màlúù kò sì dá jìyà: láti 1978, òfin gba òṣìṣẹ́ ìjọba láyè láti pa ìkookò tó bá ń jẹ ẹran ọ̀sìn ní Minnesota.

Bí ìkookò ṣe ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ní awo nínú. Agbo rẹ̀ jẹ́ bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá ti pé ọdún kan sí mẹ́ta a máa fi ilé sílẹ̀ láti wá ẹnìkejì àti ilẹ̀ tirẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Sìlòfíníà so ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mọ́ ọ̀dọ́ akọ kan lọ́rùn, wọ́n sọ ọ́ ní Slavc. Ní oṣù Kejìlá ó kúrò nílé, ó gba Ọ́stríà kọjá, ó la òkè yìnyín Alps já lásìkò òtútù, ó sì dé Lessinia nítòsí Verona ní Ítálì ní oṣù kẹta 2012. Ìrìn náà ju 1,000 kìlómítà lọ, ẹ̀rọ ọrùn rẹ̀ sì ń sọ ibi tó dé. Abo kan tí wọ́n ń pè ní Giulietta ló bá níbẹ̀, wọ́n sì bímọ ní 2013.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn yòókù gbà. Ítálì ní nǹkan bí 100 ìkookò péré nígbà tó fòfin de ṣíṣọdẹ wọn ní 1971. Àwọn àgbẹ̀ ti ń fi òkè Apennine sílẹ̀ nígbà náà, igbó ń padà hù, àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń pọ̀ sí i, oúnjẹ sì wà. Ní 1992 wọ́n rí ìkookò ní Mercantour ní ilẹ̀ Faransé. Àhesọ bẹ́ sílẹ̀ pé àwọn kan ló fi ọkọ̀ tú wọn sílẹ̀ lóru. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ti Ítálì ni wọ́n, ààlà ni wọ́n kọjá. Pólándì dáwọ́ pípa ìkookò dúró jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 1998. Ní 2000 ìkookò láti ibẹ̀ bímọ sórí ilẹ̀ ìdánrawò àwọn ológun ní Lausitz ní Jámánì, orílẹ̀-èdè tó ti ní agbo tó ju 200 lọ báyìí. Ó ti dé Dẹ́ńmáàkì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́líjíọ̀mù. Kò dé Bìrìtéènì, níbi tí àwọn tó ń fẹ́ ẹ kò kéré, tí ọkọ̀ kò sì wọ́n. Òkun ló dí i lọ́nà.

Ẹni tó bá gbà pé ọkọ̀ ló kó ìkookò wá yóò rò pé bó bá tún run, ọkọ̀ á tún kó òmíràn wá. Ṣùgbọ́n òfin ló gbé ìkookò ró, Wisconsin sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òfin bá kúrò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ká ààbò òfin kúrò, wọ́n fún àwọn ọdẹ láyè ní oṣù kejì 2021 láti pa 119. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi pa 218. Ọdún kan lẹ́yìn náà, adájọ́ kan dá ààbò padà. Ní Yúróòpù, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Bern dìbò ní oṣù Kejìlá 2024 láti rẹ ààbò ìkookò sílẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì yí òfin tirẹ̀ padà ní 2025. Olùsìn àgùntàn tó ń wá ọgbà tó dára, ajá olùṣọ́ àti owó gbà-má-bínú lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àwọn aṣòfin ló sì yẹ kó kọjú sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìkookò yóò ṣì wà ní Lausitz ní ogún ọdún sí i, kó yéé wo ojú títì fún tírélà. Ìwé òfin ni kó máa kà.