Kí páìpù àtijọ́ tó bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lóru

Ọ̀rọ̀ páìpù omi ló kàn lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá fún àwọn ìdílé tó ń gbé nínú ilé tó ti lọ́jọ́ lórí.

Ẹ wo Bodija n'Íbàdàn, òpin àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Festac Town l'Ékòó, torí àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú tó wáyé lọ́dún 1977 ni ìjọba ṣe kọ́ ọ. Àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní Jákáńdè, ìgbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande ni, láàárín ọdún 1979 sí 1983. Irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Kaduna, ó wà ní Jos, ó wà ní Enugu. Wọ́n ti tún wọn kùn, wọ́n ti pààrọ̀ páànù, wọ́n ti fi táìsì sí ilẹ̀. Páìpù inú ògiri ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, èyí tí wọ́n sin síbẹ̀ nígbà náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Irin ló pọ̀ jù nínú páìpù ayé ìgbà yẹn, wọ́n sì fi zinc bò ó kó má baà dípẹtà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, zinc yẹn á jẹ tán, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú. Nǹkan bí 40 sí 50 ọdún ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Níbi tí ásíìdì bá wà nínú omi ilẹ̀, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀

Tí omi tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ bá pọ́n bíi tíì, tó sì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, páìpù ló ń jẹ. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń pọ́n látàárọ̀ dalẹ́, ẹ yẹ kànga tàbí táńkì wò. Tí omi bá ń dá mọ́ ẹni tó ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, ihò páìpù ti há. Tí ọ̀dà bá ń wú lára ògiri tí òjò kò dé, omi ń ti inú jáde. Ẹ má kun ọ̀dà mìíràn lé e o. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Àyẹ̀wò méjì wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú táńkì kékeré ẹ̀yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ má fà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi inú àwo bá di búlúù, rọ́bà ìdí táńkì náà ti jẹ, owó péréte la sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì, ẹ rọ omi kún táńkì ńlá kí ẹ tó sùn, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, ẹ pa pọ́ńpù, kí ẹ fi igi gígùn wọn ibi tí omi dé. Tó bá ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lo omi, ó ń jò níbì kan.

Owó tó ń ṣòfò kọ́ ló burú jù. Ihò tí omi ń gbà jáde náà ni ìdọ̀tí ń gbà wọlé. Tí omi bá dá, tàbí tí pọ́ńpù bá ń fà, páìpù tó ti lu á máa fa ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu. Nínú ọgbà àtijọ́, ó lè jẹ́ páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti sán tàbí sokawéè tó ti kún. Báyìí ni kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dì ṣe ń wọ ilé tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́. Bí omi bá dá fún ọjọ́ mélòó kan tó wá padà dé, ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù títí yóò fi mọ́, kí ẹ sì sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Tó bá bẹ́

Ohun àkọ́kọ́ ni gate valve, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń ti omi pa lábẹ́ táńkì tàbí níbi tí omi ti ń wọ ilé. Èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá sábà máa ń le pinpin. Ẹ yí i wò nísinsìnyí; tí kò bá yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tó o nínú ilé mọ ibi tó wà.

Lọ́jọ́ tí páìpù bá bẹ́, ẹ tì í, kí ẹ pa pọ́ńpù. Bí omi bá ń sún mọ́ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa iná ilé pátápátá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú omi lẹ máa dúró sí kí ẹ tó pa á, ẹ má dán an wò. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe oníná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù lọ kí ìyókù omi gba ibẹ̀ jáde. Ẹ gé tíúùbù kẹ̀kẹ́, ẹ wé e mọ́ ojú ibi tó bẹ́ nígbà mẹ́ta-mẹ́rin, kí ẹ fi wáyà dè é dáadáa. Ìyẹn lè gbà yín di ọjọ́ kejì. Kò lè gbà yín di oṣù tó ń bọ̀.

Tí púlọ́ńbà bá dé, ẹ bi í bóyá ibi tó bẹ́ nìkan ló ti jẹ. Ìgbà kan náà ni wọ́n ri páìpù yòókù, wọn kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Tó bá ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọdún kan, ẹ jáwọ́ nínú lílẹ̀. Wọ́n lè gé ti inú ògiri kúrò lára omi, kí wọ́n fa páìpù oníke tuntun gba ara ògiri. Táìsì yín kò ní fọ́, ojú á sì máa rí i bó bá ń jò. Èyí tí oòrùn ń pa, ẹ kùn ún lọ́dà kó má baà tètè gbó. Ẹ lè ṣe ilé ìdáná lọ́dún yìí, kí ẹ ṣe balùwẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ta ni yóò sanwó?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dìjà. Òfin ilé yíyá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn, onílé ló ni àtúnṣe ìta ilé àti ibi àjùmọ̀lò. Ayálégbé ni kó tọ́jú ibi tó háyà, yàtọ̀ sí gbígbó tí ọjọ́ ń mú bá nǹkan. Níbi yòówù kí ẹ máa gbé, ẹ ka ìwé àdéhùn yín, ẹ ya fọ́tò ibi tó ń jò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, kí ẹ tó ná owó yín.

Ti ilé ogún ló le jù. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ wà ní Abuja, Port Harcourt àti London, màmá nìkan ló kù nílé. Tó bá di ọ̀rọ̀ ankárá fún ìrántí bàbá, owó á dé kíákíá. Páìpù tí bàbá rì ń jò láti ọdún mẹ́ta, màmá ń gbé garawa gun àtẹ̀gùn. Àbúrò ń retí àkọ́bí, àkọ́bí ń retí ẹni tó ń gbé nítòsí. Ẹ dá owó kékeré jọ lóṣooṣù, kí ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀, kí ẹ má fi ṣe nǹkan mìíràn ju ilé lọ. Bí màmá bá yọ̀ ṣubú nínú omi tó ń jò, tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, owó ilé ìwòsàn kò ní bá ti páìpù dọ́gba.

Nítorí náà, kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ lọ wá ibi tí gate valve ilé yín wà. Bó bá jẹ́ ilé màmá ni, ẹ fóònù, kí ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń yí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.