Ẹ Jẹ́ Kí A Bá Àwọn Ọmọ Wa Gun Òkè

Nínú ìwé àjọ̀dún bí irú èyí, a máa ń kà nípa ìdánwò tí àwọn ọmọ wa yege, nípa ilé tí a kọ́ àti nípa àwọn ọ̀gá tí ó ti sìn tí wọ́n sì ti fẹ̀yìntì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ àti òbí tí a pa ohùn pọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan tí a kì í sábà bi ara wa: kí ni àwọn ọmọ wa ń fi ìsinmi gígùn ṣe, ta ni wọ́n sì ń bá ṣe é?

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí sáà kẹta bá ti parí, ọmọ kan á gba ẹ̀kọ́ ìsinmi lọ, èkejì á lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú, ẹ̀kẹta á máa bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ọjà ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Balógun. Bàbá á wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé padà, ìdílé náà lè má tí ì jókòó ti ara wọn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ owó á kó ọmọ wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti ẹ̀kọ́ ìsinmi, a gbàgbé ilẹ̀ tiwa.

Èrò wa nìyí. Kí ìdílé tí ó bá lè ṣe é ya ọjọ́ mẹ́rin sọ́tọ̀ nínú ìsinmi gígùn, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ wọ ọkọ̀ kan náà, kí wọ́n di kẹ̀kẹ́ sórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọrí sí ilẹ̀ olókè. Kí ọkọ̀ náà jẹ́ ilé wọn níwọ̀n ọjọ́ náà, kí wọ́n sì máa gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà oko, ní ibi tí ilẹ̀ ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń lo ìsinmi wọn báyìí, nínú ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn àti ààrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ní 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì rẹ̀ kékeré ní Jámánì; nígbà tí ó fi di 1951, ilé-iṣẹ́ Westfalia ti ń sọ ọ́ di ilé fún àwọn arìnrìn-àjò. Bọ́ọ̀sì yìí kan náà ni ó wá di dánfó ní Èkó. Ibi tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí lọ́hùn-ún ni àwa to ìjókòó èrò sí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ rí. Gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè tí ayé ń pariwo rẹ̀ lónìí gbòòrò láti ẹ̀bá òkè Tamalpais ní California, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí taya rẹ̀ nípọn sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ní 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n ń pè ní Repack. Ní 1996, eré náà dé ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ olówó iyebíye. Ta ni kò sì mọ̀ pé àwọn olùkọ́ àti kátíkíìsì àtijọ́ nílẹ̀ wa gun kẹ̀kẹ́ Raleigh láti abúlé dé abúlé, lójú ọ̀nà tí kò rí ọ̀dà rí, tí ìwé àti Bíbélì wà lẹ́yìn wọn? Wọn kò pè é ní eré ni.

Ìrìn-àjò pẹ̀lú kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, orúkọ rẹ̀ sì ti di orúkọ tí a ń pe ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ní 2024, Pẹ̀lúmi Nubi, ọmọbìnrin kan, wa ọkọ̀ kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù wọ Èkó. A kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ńṣe ni wọ́n dá rìn. Ohun tí ó kù tí a kò tí ì fi kọ́ra ni kí odidi ìdílé jọ rìn, láìjẹ́ pé òkú tàbí ìgbéyàwó ni ó pè wọ́n.

Gẹ́gẹ́ bí Kristẹni, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Nínú Léfítíkù orí 23, Ọlọ́run pa á láṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n máa gbé inú àgọ́ fún ọjọ́ méje lọ́dọọdún, kí ìran wọn lè mọ bí àwọn baba wọn ṣe gbé nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní Íjíbítì. Deutarónómì orí 16 sì ka àwọn tí yóò bá wọn yọ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́, àjèjì, aláìní-baba àti opó. Ìsinmi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ nìyẹn, kò sì yọ ọmọ kankan sílẹ̀. Ìdílé tí àyè bá ṣì kù nínú ọkọ̀ rẹ̀ lè rántí ọmọ aládùúgbò tí kò ní ẹni tí yóò mú un jáde.

Ẹ wo àdúgbò wa. A ní Òkè Pópó, a ní Òkè Àrín, síbẹ̀ ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ọmọ tí a bí sí Òkè Pópó lè pé ọdún mẹ́rìndínlógún láìfẹsẹ̀ tẹ òkè kankan. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Èkó tí kò tí ì rí ju afárá àti ọ̀sà lọ ṣe ń rò pé gbogbo ayé kò ju Èkó lọ.

Ibi tí a lè lọ kò sì jìnnà. Abẹ́òkúta kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ. Àpáta Olúmọ níbẹ̀ ga tó mítà 137, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé ti rí ààbò ní 1830. Ìjọ Pétérù Mímọ́ wà ní Aké, níbi tí ọmọ lè fojú rí ibi tí ìhìnrere ti ta gbòǹgbò nílẹ̀ Yorùbá. Bí a bá lọ síwájú sí i, Òkè Ìdánrè ń dúró dè wá, tòun ti àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó lé ní 600. Lókè níbẹ̀ ni ìlú náà wà títí di nǹkan bí ọdún 1933 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi ń já láti ìpele dé ìpele. Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn. Kí a má ṣe gun kẹ̀kẹ́ lórí àpáta Olúmọ tàbí lórí àtẹ̀gùn Ìdánrè o: ogún àwọn onílé ni, ẹsẹ̀ ni a fi ń gùn ún. Ojú ọ̀nà oko tí ó wà káàkiri ìsàlẹ̀ òkè ni ti kẹ̀kẹ́, a ó sì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni oko.

Ẹ ó bi wá pé kí ni èrè rẹ̀. Nígbà tí bàbá bá ń mí hẹlẹhẹlẹ ní ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì dúró dè é lókè, ọ̀wọ̀ bàbá kò dínkù. Ńṣe ni ọmọ náà rí i pé ènìyàn ni bàbá òun. Nígbà tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ bá já tí ìyá sì jókòó ti ọmọ títí wọ́n fi tún un ṣe, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kò lè sọ nílé á jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ wọn ní kíláàsì mọ iye ọmọ tí ó ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti ọmọbìnrin.

A gbọ́ àtakò yín, a kò sì fojú kéré wọn. Ẹ̀rù ajínigbé lójú ọ̀nà kì í ṣe àsọdùn. Nítorí náà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni sùn sí ẹ̀bá títì. Kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta jọ lọ, kí wọ́n gbéra ní ìdájí, kí wọ́n dé kí oòrùn tó mú. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ìjọ tí ó ní ọgbà àti ọlọ́dẹ, tí a sì ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí sùn. Bí ìròyìn ọ̀nà kò bá dára, kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Kí a má dáná nínú ọkọ̀, kí a má sì sùn nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun. Ọmọ tí kò bá dé akoto kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́.

Ní ti owó, gbogbo wa ni a mọ bí owó epo ṣe fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù karùn-ún 2023. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ìdílé pa owó pọ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ múná ti tó. Ní ti ìsọ̀ tí a kò lè fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. A máa ń ti ìsọ̀ nítorí òkú ìyá ọ̀rẹ́ wa, a ń ra aṣọ ẹbí, a sì ń sùn mọ́ ibi ayẹyẹ. Bí a bá lè ti ìsọ̀ nítorí òkú, ẹ jẹ́ kí a tì í nítorí alààyè.

Ohun mẹ́ta ni a wá ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àjọ̀dún yìí. Èkíní, kí ẹ̀kọ́ ìsinmi má ṣe gba ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, nítorí òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà oko kì í sì í yọ̀ jù. Èkejì, kí a yá àwọn ìdílé tí ó pa owó pọ̀ ní bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, tòun ti awakọ̀ rẹ̀, kí a sì kọ̀wé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ kí wọ́n lè ṣí ọgbà wọn fún wa. Ẹ̀kẹta, kí a ra kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá àti akoto mẹ́wàá, kí a sì máa kọ́ tọkùnrin-tobìnrin ní gígùn rẹ̀ lórí pápá ní ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ọmọ tí ó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ lónìí kò ní ju ìsinmi gígùn márùn-ún lọ kí ó tó jáde. Márùn-ún péré ni. Kí ìdílé tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ kí sáà kejì tó parí, kí a lè mọ iye ìjókòó tí a ó wá.