Ẹ Yé Fa Awọ Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn kan máa ní ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Okó ọmọdé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá awọ tó bo orí rẹ̀ kí wọ́n tó dábẹ́ fún un. A kò ní pè é ní "kiní", a kò sì ní pè é ní "nǹkan ọmọkùnrin". Ìtìjú tí a fi ń yí orúkọ rẹ̀ padà wà lára ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá.

Ìjà wa kì í ṣe pẹ̀lú ilà kíkọ. Ẹni tó bá fẹ́ dábẹ́ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, àṣà ni, ẹ̀sìn ni fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n a ti gbé gbogbo ìmọ̀ wa nípa awọ yìí lé olóòlà lọ́wọ́, bí ẹni pé kò sí ọmọkùnrin Yorùbá tó ń gbé e kiri. Irọ́ ni. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, dókítà lè ní kí wọ́n ṣì dúró. Ọmọ tí ihò ìtọ̀ rẹ̀ kò sí ní góńgó okó, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wà, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ olóòlà rárá, torí awọ yẹn gan-an ni oníṣẹ́ abẹ lè nílò láti fi tún un ṣe. Àwọn ọmọ wa ní Ìlú Ọba ńkọ́? NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, kì í sábà dábẹ́ fún ọmọ nítorí àṣà tàbí ẹ̀sìn. Òbí ló máa fowó ara rẹ̀ wá ibi tí wọn yóò ti ṣe é, kí owó náà sì tó jọ, ọmọ lè ti máa rìn.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń gúnlẹ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn àti òrí. A kò kẹ́gàn ìwẹ̀ ìyá àgbà o: ó ń na apá, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń tẹ orí kó lè rí róbótó. Àmọ́ ọwọ́ yẹn kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ó á fa awọ náà sẹ́yìn, kí ó lè fọ inú rẹ̀. Ọmọ á figbe ta, ẹ̀jẹ̀ á yọ, wọ́n á ní ìdọ̀tí ló ń jáde.

Kò sí inú kankan láti fọ̀. Nígbà tí a bá bí ọmọkùnrin, awọ yìí lẹ̀ mọ́ orí okó bí èékánná ṣe lẹ̀ mọ́ ìka. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ti ọmọ kan lè tú kó tó pé ọdún mẹ́ta, ti òmíràn lè di ìgbà ìbàlágà. Douglas Gairdner ti kọ ọ́ sínú British Medical Journal ní 1949 pé nínú ọmọ tuntun 100, nǹkan bí 4 péré ni awọ wọn ṣe é fà sẹ́yìn tán. 1949! Àwọn tó ń wẹ ọmọ lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ni a kò tíì bí nígbà náà.

Tí ẹ bá fi tipá fà á, ẹ ti ya á nìyẹn. Ọgbẹ́ á jinná, á di àpá, àpá á mú kí awọ náà le kó sì fún, àìsàn tí ẹ ń sá fún ni ẹ fọwọ́ ara yín dá sílẹ̀ yẹn. Nígbà mìíràn, awọ tí wọ́n fà sẹ́yìn kì í lè padà síwájú mọ́. Á há sí ọrùn okó, orí rẹ̀ á wú. Ilé-ìwòsàn kíákíá ni. Kò ṣe é fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Ohun funfun tó ń dì lábẹ́ awọ kì í ṣe ọyún. Awọ tó ti kú ló ń bọ́. Bí awọ náà bá ń wú díẹ̀ nígbà tí ọmọ ń tọ̀, tí kò dùn ún, tí ìtọ̀ sì ń jáde geere, kì í ṣe àrùn. Omi lásán, ìta nìkan, ó tó. Tó bá di ọjọ́ tí awọ náà ń lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ẹ kọ́ ọmọ náà kí òun fúnra rẹ̀ rọra fà á, kí ó fi omi ṣàn án, kí ó nù ún, kí ó dá a padà síwájú. Ẹ wá dókítà bó bá pọ́n tó sì wú, bí ọyún bá ń jáde, tàbí bí ọmọ kò bá lè tọ̀.

Àwọn kan á gbé ọ̀rọ̀ WHO kò wá lójú, pé ní 2007 wọ́n ní ìdábẹ́ ń dín HIV kù. Òótọ́ ni. Ìwádìí tí wọ́n gbé e lé, tí wọ́n ṣe ní South Africa, Kenya àti Uganda, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ni wọ́n fi ṣe é, ó sì dín kíkó àrùn náà lára obìnrin kù ní nǹkan bí 60%. Níbo ni wọ́n ti sọ pé kí a máa fa awọ ọmọ oṣù mẹ́ta nínú bàsíà?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní rédíò, ẹ̀ ń fún àwọn tó ń ta àgbo jẹ̀dí ní odidi wákàtí kan. Ẹ fún dókítà ọmọdé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí èyí, ní Yorùbá, kí ẹ má sì pa á lẹ́nu mọ́ tó bá pe okó ní okó.