Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Ń Bu Ọwọ́ Lu Lẹ́tà Gbélé-ẹ

Gbólóhùn kan kò wọ́n lẹ́nu àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn aláṣẹ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí ayé ń pè ní AI. Wọ́n ní AI kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ẹni tí ó mọ AI lò ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ ìkìlọ̀ bàbá fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ni wọ́n fi ń pín, orí òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń dì í rù. Bí iṣẹ́ bá bọ́, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ni ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ́ ohun tí ó yẹ kí ó kọ́. Ẹni tí ó lé e kò sí nínú ìtàn náà rárá.

Bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ló lé e. AI lè kọ lẹ́tà gbélé-ẹ tí ó já geere, ṣùgbọ́n kò lè bu ọwọ́ lù ú. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní ń ṣe ìyẹn, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣírò ohun tí yóò wọ àpò rẹ̀. Ní ọdún 2024, Klarna, ilé-iṣẹ́ kan ní Sweden tí ń jẹ́ kí ènìyàn ra ọjà láwìn, kéde pé AI tí òun fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ń ṣe iṣẹ́ ẹni 700. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2025, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà gbà pé iṣẹ́ ọ̀hún kò dára tó, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ àyànmọ́ ni, ta ni ìbá yí i padà? Ìpinnu ènìyàn ni, ohun tí ènìyàn bá sì pinnu, òfin àti àdéhùn lè dá sí i. Àwọn òǹkọ̀wé fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ èyí. Ní ọdún 2023, wọ́n fi ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ 148 gba àdéhùn pé a kò gbọdọ̀ ka AI sí òǹkọ̀wé, àti pé ilé-iṣẹ́ gbọdọ̀ sọ fún wọn bí ohun tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ bá ti inú AI wá.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ? Òfin òṣìṣẹ́ tí a mọ̀ sí Labour Act, tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1970, sọ̀rọ̀ ní abala 20 nípa òṣìṣẹ́ tí a kò nílò mọ́. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, àyàfi bí ìmọ̀ àti ìṣesí wọn bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí owó tí òṣìṣẹ́ yóò gbà lọ sílé, ohùn òfin náà di ti ẹlẹ́bẹ̀: kí agbanisíṣẹ́ sa ipá rẹ̀ láti dúnàádúrà. Mínísítà lè ṣe ìlànà tí yóò sọ owó náà di dandan; "lè" ni òfin wí, kò wí pé "gbọdọ̀". Èyí tí ó tún wá burú jù ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin náà dà bò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tàbí ti ìṣàkóso kò sí lábẹ́ rẹ̀. Oníròyìn, ògbufọ̀, ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àwọn gan-an tí AI ń kan ilẹ̀kùn wọn, ìta ni òfin fi wọ́n sí.

Ìṣirò ìjọba kò sì ní jẹ́ kí a tètè mọ̀ bí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ọdún 2020, àjọ NBS sọ pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, iye náà ti di ìdá 4.1. Ilé-iṣẹ́ kò hù bí olú láàárín ìgbà náà. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni. Nísinsìnyí, wákàtí kan ṣoṣo ti tó láti kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Lóòótọ́, òṣùwọ̀n àjọ àgbáyé ILO ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí ìjọba kì í ti í fún aláìríṣẹ́ ní owó oúnjẹ, ta ni yóò káwọ́ gbera fún odindi ọ̀sẹ̀ kan? Akọ̀wé tí AI gba ipò rẹ̀, tí ó wá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti ìsọ̀ POS fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ ni nínú ìwé ìjọba.

Ẹ̀kọ́ ni ìjọba ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àbáyọ. Ní ọdún 2023, Mínísítà Bọ́sún Tìjání gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí yóò bá ẹ̀kọ́ jà. Àmọ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà àti títú ìṣirò palẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ kéékèèké tí a máa ń gbé fún ọmọṣẹ́ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni AI sì kọ́kọ́ ń bù jẹ. Kò sí télọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ ìyàwó. Bọ́tìnnì ni ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ ń gán, kí ó tó máa ṣẹ́tí aṣọ, kí ó tó gé aṣọ oníbàárà. Bí ọ̀gá bá gbé iṣẹ́ bọ́tìnnì fún ẹ̀rọ, ta ni yóò di ọ̀gá lọ́la?

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan Nàìjíríà, nítorí ìṣirò NBS fi hàn pé ó lé ní ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò sí lábẹ́ ètò iṣẹ́ olówó oṣù tí òfin mọ̀. AI kò lè tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, kò sì lè ro àmàlà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ta ni ìyá alámàlà ẹ̀gbẹ́ báńkì ń gbà? Owó oṣù àwọn díẹ̀ náà ni. Bí ó bá gbẹ, ọjà rẹ̀ yóò kú, àwọn tí a lé lẹ́nu iṣẹ́ yóò sì wá gun ọ̀kadà kún àwọn tí ń gùn ún. Ọlọ́kadà yóò pọ̀ sí i, èrò yóò dín kù.

Àwọn aṣòfin Àbújá kò nílò láti di onímọ̀ ẹ̀rọ kí wọ́n tó ṣe ohun tí ó yẹ. Kí wọ́n sọ "lè" inú abala 20 di "gbọdọ̀", kí wọ́n sì na òfin náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí ń gba owó oṣù. Kí NBS máa bi ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ohun tí ó gbà á, kí ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde. Kí ẹgbẹ́ NLC àti TUC fi ọ̀rọ̀ AI sínú àdéhùn wọn pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé tán.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ogun yìí ti kéde ara rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde. Ẹni tí ó bá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa sáré, kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí ń lé wọn.