Ẹ Má Fún Ìyáàlù Lọ́rùn Pa

Ẹ dé Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ti pààlà, kí ẹ fetí sí sípíkà àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì káàdì. Kí orin púpọ̀ lè gba ojú káàdì kékeré, wọ́n ti fún un débi pé ṣaworo ìyáàlù ń dún bí omi tó ta sínú epo gbígbóná. A kò bá wọn jà. Ọjà ni wọ́n ń tà.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an ni à ń bá jà. A ó gba oríkì lẹ́nu àgbà, a ó sọ ọ́ di MP3 kíún, a ó pa ojúlówó rẹ́, a ó wá ní "ó ṣáà ń dún."

Síídì ń lo nǹkan bíi 1,411 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. MP3 tó wọ́pọ̀ ń lo 128. Ohun tí àwọn tó ṣe é rò pé etí kò ní gbọ́ ni wọ́n gé dànù. Etí ta ni? "Tom's Diner" ti Suzanne Vega wà lára orin tí Karlheinz Brandenburg fi dán an wò ní Jámánì. Ohùn obìnrin nìkan ni, kò sí ìlù kankan níbẹ̀!

Lóòótọ́, ẹni tó bá ní MP3 ń pa àmì ohùn rẹ́ ń sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ní 32, ṣaworo á ti kú, èémí akéwì á ti lọ. Bí ẹ sì yí i sí 320 lẹ́yìn náà, kò ní padà.

FLAC ń dín fáìlì kù láìgé ohunkóhun, ọ̀fẹ́ sì ni láti 2001. Ìyẹn ni kí ẹ fi pamọ́. Ẹ fi MP3 ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kí ẹ̀ka wa má sì gba iṣẹ́ àṣekágbá tí ojúlówó ohùn rẹ̀ kò sí mọ́.