Ẹ má tíì ta 504 bàbá yín fún àwọn oní-condemn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Àwọn tó ń ra condemn kiri Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti dúnàá-dúrà 504 bàbá mi. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú. Ó ti kú báwo? Ọkọ̀ tó kàn jókòó fún oṣù mẹ́ta!

Ẹ gbọ́. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Èyí tó ń lo kabúrétọ̀ nínú wọn, epo díẹ̀ máa ń wà nínú agolo kékeré kan lára kabúrétọ̀ yẹn. Tí ọkọ̀ bá jókòó pẹ́ nínú ooru Èkó yìí, epo yẹn á fẹ́ lọ. Pọ́ǹpù tó máa fa òmíràn wá láti táǹkì, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń yí i. Torí náà, tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló ń fà.

Epo tó ti pẹ́ nínú táǹkì náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Èyí tó tètè ń gbiná nínú ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ, òun gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì tó tutù nílò.

Kí làwọn mẹkáníìkì wá máa ń ṣe? Wọ́n á da pẹtiróòlù sẹ́nu kabúrétọ̀ látinú ìgò, wọ́n á ní kí ọmọṣẹ́ máa kíìkì ẹ. Lójú tèmi, wèrè ni. Tí iná bá ta padà, ẹnu kabúrétọ̀ yẹn náà ló máa gbà jáde, ìgò epo sì wà lọ́wọ́ ẹ. Nínú àgbàlá tí jẹnẹrétọ̀ ilé mẹ́fà tò sí! (Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé bàbá òun ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kú oríire.)

Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá kún, á wà ní bíi 12.6 volt. Tó bá ti wá sí 12.2, ẹ lọ cháàjì ẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ kíìkì fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan kí sítátà má baà jóná, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí epo lè dé. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fa choke, kẹ́ ẹ tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá kíìkì.

Tí ò bá jí, ẹ yọ plug kan. Tó bá gbẹ, epo ò tíì dé. Tó bá rin fún epo, ọ̀rọ̀ iná nìyẹn, ẹ lọ wo contact set, ó lè ti dípẹtà.

Ládípọ̀ ò jìnnà síbí, wọ́n á sì fayọ̀ ta kabúrétọ̀ fún yín. Ẹ yọ plug yẹn wò kẹ́ ẹ tó lọ.

Bàbá mi ti ní kí wọ́n wá gbé e ní Sátidé. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró ná. Ta ló ní cháájà tí mo lè yá?