Kẹ́ ẹ tó sanwó bóhóòlù, ẹ béèrè bí ìró ṣe yára tó nínú ilẹ̀ yín

Ihò méjì ni ìyá kan tó ń sin ẹja l'Abẹ́òkúta gbẹ́ kó tó rí omi. Àkọ́kọ́ kan àpáta, ẹ̀kán omi kan kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó gbẹ́ ẹ gba owó wọn pé, nítorí mítà tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka omi. Mo bi màámá náà bóyá wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹnì kan wá pẹ̀lú hámà àti wáyà, ó sì fún òun ní ìwé kan tó ní àwòrán aláràbarà. Inú dúrọ́ọ̀ ni ìwé náà wà.

Lérò tèmi, kò sóhun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ọ́n kà nínú gbogbo iṣẹ́ bóhóòlù tó ìwé yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á to geophone, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gbọ́ ìró inú ilẹ̀, sórí ìlà kan. Ẹnì kan á fi hámà ńlá lu awo irin, kọ̀ǹpútà á sì ka àkókò tí ìró náà fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú erùpẹ̀ gbígbẹ, ìró kì í sábà rìn ju 700 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú iyanrìn tó kún fún omi, ó ń tó nǹkan bíi 1,500. Nínú àpáta líle tó dì, ó lè tó 5,000. Bí àpáta yẹn bá ti sán, tí omi lè fara pamọ́ sáàárín ẹ̀, ìyára náà á dín kù.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹ̀rọ kì í wọn jíjìn o, àkókò ló ń wọ̀n. Onímọ̀ ló ń fi ìyára sọ àkókò di mítà. Ká ní ìró ń rìn 500 mítà nínú erùpẹ̀ yín, tí ìṣirò sì fi àpáta sí 20 mítà. Bí onítọ̀hún bá ṣèèṣì lo 600, àpáta yẹn á di nǹkan bíi 24 mítà lórí ìwé. Mítà mẹ́rin yẹn, owó páìpù ni, owó iṣẹ́ ni.

Àwọn elépo náà ń bá irú ẹ̀ yí, àfi pé tiwọn jìn ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbẹ́ kànga kan, wọ́n á sọ ẹ̀rọ sínú ẹ̀ láti wọn ìyára gan-an, wọ́n á sì fi tún àwòrán àkọ́kọ́ ṣe. Mi ò rí ohun tó ní káwa má ṣe irú ẹ̀. Bí aládùúgbò yín bá ní bóhóòlù, ẹ béèrè mítà tó ti kan àpáta, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún onímọ̀ yín kó fi yẹ ìṣirò ẹ̀ wò.

Ìró nìkan kò sì tó. Ìpele rírọ̀ tó bá wà lábẹ́ èyí tó le kì í hàn nínú irú àyẹ̀wò yìí. L'Ékòó létí òkun, ìró kò lè mọ omi iyọ̀ yàtọ̀ sí omi tó ṣeé mu. Iná tí wọ́n ń rán sínú ilẹ̀ ló ń fi ìyẹn hàn. Ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì ni kẹ́ ẹ wá. Àwọn kan á ní owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí wọ́n lọ béèrè iye tí ihò gbígbẹ kan ń jẹ.

Màámá ẹlẹ́ja yẹn mú ìwé tiẹ̀ jáde, a sì jọ wò ó. Àwọ̀ pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ búlúù wà níbẹ̀. Kò sí ìyára kankan, kò sí iye mítà, orúkọ ẹni tó ṣe é pàápàá kò sí lórí ẹ̀.